Oòrùn Tí A Rò Pé A Mọ̀: Bí Ooru Ṣe Gbé Màmá Kan Láti Oǹdó Ṣánlẹ̀ ní Angkor

Àwa mọ́kànlá la gbéra láti Àkúrẹ́ nínú oṣù kẹrin. Mẹ́jọ nínú wa jẹ́ olùkọ́: àwọn kan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan ti fẹ̀yìntì. Èmi ni mo kó wọn lọ. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo máa ń ṣètò ìrìn àjò fún ẹgbẹ́ olùkọ́, fún ìjọ, àti fún àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń dá owó jọ kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ti ń kà nínú ìwé láti kékeré. Ibi tí à ń lọ ni Siem Reap ní ilẹ̀ Kàǹbódíà, níbi tí àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ Angkor wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé jẹ́ ọmọ ọdún 63, ọmọ bíbí Oǹdó, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìntì. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Màmá ni gbogbo wa ń pè é, Màmá náà ni màá máa pè é níbí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tó ń kó èèyàn rìn bíi tèmi lè rí i kà.

Kí a tó kúrò nílé ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé ló mú wa yan oṣù kẹrin. Àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kò ní àyè mìíràn. Oṣù kẹrin yìí sì ni ooru máa ń mú jù ní Siem Reap. Lọ́sàn-án, ó sábà máa ń kọjá ìwọ̀n 35 lórí tẹmọ́mítà Celsius, afẹ́fẹ́ á kún fún ọ̀rinrin, bẹ́ẹ̀ òjò tó yẹ kó tu ilẹ̀ lára kò tíì dé. Nǹkan bí oṣù karùn-ún ló tó máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo mọ èyí. Mo sì sọ ọ́ fún wọn nípàdé tí a ṣe ní Alágbàká. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Bọ̀dá kan ní, "Ṣé oòrùn lo fẹ́ fi dẹ́rù bà wá? Èmi tí mo ti ń dúró lórí pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́?"

Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, òyìnbó ni kí o lọ máa kìlọ̀ oòrùn fún. Oòrùn ti mọ àwa."

Mo gbà fún wọn. Kì í ṣe pé mo ń bu ọ̀wọ̀ fún àgbà nìkan. Èmi náà gbà á gbọ́ lọ́kàn ara mi pé ọmọ ilẹ̀ olóoru kò níṣẹ́ tó ń bẹ̀rù ooru.

Ohun kan tún wà tó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Nínú oṣù kìíní, a ti kó ara wa lọ sí Òkè Ìdànrè láti dán ẹsẹ̀ wò. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ẹni tó bá gùn ún yóò mọ̀ pé òun gun nǹkan. Màmá gùn ún dé òkè. Ó rìn yí ìlú àtijọ́ ká, níbi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1923, ó dúró níwájú ààfin àtijọ́, ó sì ń ṣàlàyé fún àwọn tó kéré nínú wa bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Nígbà tí a délẹ̀, òun ló tún ń bi àwọn yòókù bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: "Màmá: ẹsẹ̀ dára."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kìíní ni, ọyẹ́ ń fẹ́. Òógùn nìkan kọ́ ló ń tu ara, gbígbẹ òógùn ni. Ẹ wo aṣọ tí a fọ̀ lásìkò ọyẹ́: kí a tó yíjú padà, ó ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni òógùn ṣe ń gbẹ lára nígbà ọyẹ́, bó bá sì ti ń gbẹ ló ń gbé ooru ara lọ. Aṣọ tí a fọ̀ ní oṣù keje ní Oǹdó ńkọ́? Ọjọ́ kẹta á pé, á ṣì tutù, á ti máa rùn. Bí ara èèyàn ṣe rí nìyẹn nínú afẹ́fẹ́ tó ti mu omi yó. Òógùn á máa ṣàn, á máa kán sílẹ̀, omi á máa tán lára, ṣùgbọ́n ooru kò lọ. Ìdánwò tí mo ṣe fún Màmá ní Ìdànrè kò sọ nǹkan kan fún mi nípa Angkor. Mo kàn kà á bí ẹni pé ó sọ gbogbo rẹ̀ ni.

Fọ́ọ̀mù tí mo máa ń fún àwọn èèyàn náà ní àbùkù tirẹ̀. Ìbéèrè kan péré ló wà níbẹ̀ nípa ìlera: "Ǹjẹ́ ẹ ní àìsàn kankan?" Màmá kọ "Rárá." Kò purọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n oògùn ti kápá rẹ̀, kò sì ka ara rẹ̀ sí aláìsàn. Oògùn méjì ló ń lò láràárọ̀. Ọ̀kan ń mú un tọ̀ dáadáa kí omi ara lè dínkù. Èkejì ń fa ọkàn sẹ́yìn kí ó má baà máa lù kíkankíkan. Oògùn dáadáa ni méjèèjì, àwọn ló ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ooru bá mú gan-an, omi ni ara fi ń ṣe òógùn, ọkàn sì gbọ́dọ̀ sáré kí ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná wá sí abẹ́ awọ, níbi tí ooru ti lè jáde. Oògùn kìíní ti gba omi lọ, èkejì kò jẹ́ kí ọkàn sáré. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìrìn àjò o! Dókítà rẹ̀ nìkan ló lè bá a yí i padà. Ohun tó dùn mí ni pé bí mo bá ti béèrè pé "Oògùn wo lẹ máa ń lò láàárọ̀, mà?", yóò ti kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, à bá sì ti rán an lọ bá dókítà rẹ̀ kí a tó gbéra.

Lẹ́yìn náà ni aṣọ. Òfin wà ní Angkor pé ẹni tó bá fẹ́ wọ tẹ́ńpìlì gbọ́dọ̀ bo èjìká àti orúnkún. A ní kò burú, ẹ jẹ́ ká kúkú dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Àǹtí kan nínú wa tó jẹ́ aránṣọ ló rán gbogbo rẹ̀: àǹkárá tó nípọn, apá gígùn, láíńnì nínú, gèlè lórí fún àwọn obìnrin. Ó rẹwà. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò wa kiri. Láíńnì yẹn kì í fa omi, kì í sì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá.

Láti Èkó, a gba Addis Ababa, a gba Bangkok, a dé Siem Reap nírọ̀lẹ́. Pápákọ̀ òfurufú tuntun tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023 jìnnà sí ìlú, ọjọ́ ti lọ kí a tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo gan-an ni Màmá ti ṣubú, níwájú ibi ìtatíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni màá tọ́ka sí. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan jẹ́ dọ́là 37. Ti ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ dọ́là 62, èèyàn sì lè pín ọjọ́ mẹ́ta náà bó ṣe wù ú láàárín ọjọ́ 10. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 25 lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà, ẹ sì rántí pé owó ìfẹ̀yìntì ni àwọn kan ń ná. Wọ́n jíròrò fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní ọjọ́ kan ti tó, kí a tètè jí lọ, kí a rìn ín tán. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Iṣẹ́ mi ni láti sọ pé rárá, pé owó tí ẹ fẹ́ dá dúró yìí, ọ̀sán gangan lẹ máa fi san án. N kò sọ ọ́. Mo ní, "Bí ẹ bá ṣe fẹ́." Láti ìṣẹ́jú yẹn ni a ti gbé gbogbo ìrìn náà kalẹ̀ sínú ọjọ́ kan ṣoṣo, a ò sì fi àyè kankan sílẹ̀ fún ìsinmi.

A jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Kàǹbódíà fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú wa, aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ara wa rò pé ó jẹ́. Màmá kò tíì sùn rárá. Ó lo oògùn rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú tíì díẹ̀, ó dáwọ́ dúró níbẹ̀. Nígbà tí mo na ike omi sí i, ó mì orí.

"Ọmọ mi, bí mo bá mu omi yìí, ta ni yóò máa bá mi wá ilé ìtọ̀ kiri láàárín òkúta?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo dá ike padà sínú báàgì. Ilé ìtọ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà síra, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì máa ń fi òùngbẹ rìn nítorí rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwa ọkùnrin tó ń kó èèyàn rìn kì í fi bẹ́ẹ̀ rò ó. Ó sì tún wá jẹ́ pé oògùn tí ń mú ni tọ̀ ti wà nínú rẹ̀.

N kò ní í pẹ́ lórí ẹwà ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́ díẹ̀ kí ẹ lè mọ ìdí tí kò fi wù wá láti dúró sinmi. Ìwọ̀ oòrùn ni Angkor Wat kọjú sí, nítorí náà ẹ̀yìn àwọn ilé ìṣọ́ rẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ. Wọ́n gbẹ́ yàrà olómi yí i ká bí àwọn baba wa ṣe máa ń wa yàrà yí ìlú ká, ṣùgbọ́n tiwọn fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 190. Ọba Suryavarman Kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá fún Vishnu, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, kí ó tó wá di ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Màmá dúró níwájú ògiri kan tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọ̀gá ilé ìwé, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, n kò kọ́ wọn ní eléyìí rí."

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá, a tò sí inú oòrùn láti gun òkè tẹ́ńpìlì náà, ibi tí wọ́n ń pè ní Bakan, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ga bí àkàbà. Màmá gùn ún. Lókè, ó fọwọ́ ti ògiri fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé àgbà ló ń sinmi. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Kò jẹun. Ó sì ti dákẹ́ àwàdà. Lónìí, ẹni tó bá dákẹ́ àwàdà nínú àwọn tí mo kó lọ ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ bá; nígbà náà, mi ò kà á sí nǹkan kan.

Ta Prohm ni ó kàn, tẹ́ńpìlì tí gbòǹgbò igi ńláńlá ti wé mọ́ ògiri rẹ̀. Ọba Jayavarman Keje ló kọ́ ọ ní ọdún 1186, ó sì yà á sọ́tọ̀ fún ìyá rẹ̀. Màmá gbọ́ èyí, ojú rẹ̀ tàn. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó ní kí àwọn tó kù máa lọ, òun fẹ́ wo ilé tí ọmọ kọ́ fún ìyá rẹ̀ dáadáa. Afinimọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Siem Reap, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun kì í mú àlejò kọjá aago mọ́kànlá ní oṣù yìí. Ó ní kí a padà sí òtẹ́ẹ̀lì, kí gbogbo wa sùn, kí a tún jáde ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ mi. Mo ro iye tẹ́ńpìlì tó kù. Mo sọ fún un pé a óò ṣe Bayon kíá, lẹ́yìn náà a óò sinmi.

Òun tí wọ́n bí sínú ooru yẹn ń sá fún un lọ́sàn-án. Èmi tí mo ti Àkúrẹ́ wá, tí mo dé ní àná, ń wọ inú rẹ̀ lọ.

Bayon wà ní àárín gbùngbùn Angkor Thom, ìlú olódi àtijọ́. Àwọn ilé ìṣọ́ rẹ̀ ní ojú ńláńlá tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, tí wọ́n ń wo igun gbogbo. Òkúta ni gbogbo rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì ti ń mu oòrùn láti àárọ̀. Nígbà tí aago méjìlá kọjá, ooru ń bọ̀ láti òkè, ó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé bíi pé èèyàn dúró nínú ààrò búrẹ́dì tí iná rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ibẹ̀ ni Màmá ti yíjú sí mi.

"Ṣé wọ́n ti lu agogo?"

Mo ní, "Agogo wo, mà?"

Ó ní, "Sọ fún àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Kìíní kí wọ́n tò. Kí ni wọ́n ń dúró ṣe nínú oòrùn?" Ó wá fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè mí. Kí n tó dá a lóhùn, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Ó gbóná bí ìkòkò orí iná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó èèyàn rìn, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà nìyí. Ẹni tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, tó ń làágùn tútù ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì já gaara, ìbòji, omi àti ìsinmi sábà máa ń tó o. Ẹni tí ooru mú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá dàrú, ọpọlọ rẹ̀ ni ooru ti dé yẹn. Ara ti lè gbóná kọjá 40. Kò sí ohun tí a ń dúró wò mọ́, yálà ó ṣì ń làágùn tàbí kò làágùn.

Mo mọ èyí nísinsìnyí. Lọ́jọ́ náà, a fi bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ṣòfò. Ẹnìkan pariwo pé ẹ̀mí inú tẹ́ńpìlì ló kọlù ú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé e lórí, àwọn mẹ́ta sì dára pọ̀ mọ́ ọn. N kò bú wọn. Ìfẹ́ ni, èmi náà sì ń gbàdúrà nínú. Ṣùgbọ́n wọ́n yí i ká pinpin, atẹ́gùn díẹ̀ tó ń fẹ́ kò rí àyè kọjá. Òmíràn mú róòbù, ó ń fi pa á níwájú orí. Ẹnìkan bu parasitamọ́ọ̀lù, tí kì í ṣiṣẹ́ fún irú ooru yìí nítorí kì í ṣe ibà. Èmi fúnra mi ni mo ṣe èyí tó burú jù: mo gbé orí rẹ̀ sókè, mo ń da omi sí i lẹ́nu. Ó wúkọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ há a. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé omi mì dáadáa.

Awakọ̀ wa ló gbà wá. Ohun tí wọ́n fi ń gbé àlejò kiri níbẹ̀ dà bí kẹ̀kẹ́ Márúwá, alùpùpù ló ń fà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń gbé kúlà omi àti yìnyín sẹ́yìn. Afinimọ̀nà ti pè é lórí fóònù. Ó sáré wọlé tòun ti kúlà. Kò gbọ́ èdè wa, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ó tọ́ka sí ìbòji, a gbé Màmá síbẹ̀. Ó tọ́ka sí gèlè, ó tọ́ka sí aṣọ. Gbogbo wa dúró, a ń wo ara wa. Màmá ni. Ta ni yóò tú u láṣọ ní gbangba?

Àǹtí aránṣọ ló dá a lóhùn. Ó tú ìró tirẹ̀, àwọn obìnrin yòókù náà tú tiwọn, wọ́n sì nà án yí i ká bí ògiri. Àǹtí mú àlùmọ́gàjí kékeré jáde nínú báàgì, ó gé aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ rán láti ọrùn délẹ̀, òun ti láíńnì rẹ̀. Ó ń sunkún bó ṣe ń gé e. Awakọ̀ bọ́ krama ọrùn rẹ̀, aṣọ òwú tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò fún gbogbo nǹkan, ó rì í sínú omi yìnyín, ó nà án kọjá láti òkè ìró. Wọ́n fi bo àyà rẹ̀, wọ́n ń da omi sí i lára, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró. Wọ́n di yìnyín sínú áńkáṣíìfù, wọ́n kó o sí ọrùn, abíyá àti ìtan rẹ̀. Omi àti atẹ́gùn papọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí òógùn rẹ̀ kò lè ṣe mọ́.

Mo fẹ́ kí a gbé e sínú kẹ̀kẹ́ lójú ẹsẹ̀ kí a sì máa sá lọ sí ilé ìwòsàn. Afinimọ̀nà dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Kó tutù ná." Òun ló tọ̀nà. Ìrìn tó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí nínú ooru, láìtu ara rẹ̀, ìdajì wákàtí tí ọpọlọ á fi máa sè ni. Wọ́n pe ilé ìwòsàn, àwa ń da omi.

Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Màmá la ojú. Ó wo òkè, ó wo àwọn ìró tó yí i ká.

"Ta ló tú gèlè mi?"

Ohùn ọ̀gá àgbà gan-an ni. Gbogbo wa bú sẹ́kún.

Ilé ìwòsàn wọ̀n ọ́n, ara rẹ̀ ṣì jẹ́ 39 ó lé díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo omi tí a ti dà. Dókítà kò fi bò fún mi pé ohun tí a ṣe nílẹ̀ níbẹ̀ ló mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn láàyè. Omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, wọ́n fa dírípù sí i lára díẹ̀díẹ̀, wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó lo òru méjì. Adójútòfò (íńṣọ́ránsì) ìrìn àjò tí mo rà fún gbogbo wa san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Òun nìkan ni ohun tí mo ṣe bó ṣe tọ́ láti Àkúrẹ́.

Lóru àkọ́kọ́, mo jókòó sórí àga níwájú yàrá rẹ̀, bàbá mi ni mo ń rò. Àgbẹ̀ kòkó ni ní ẹ̀yìn Oǹdó, kò sì sí ẹni tó lè fi oòrùn dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n kí ni bàbá mi máa ń ṣe gan-an? Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti wà lóko. Bí oòrùn bá ti ga, abẹ́ igi kòkó ló wà, níbi tí ewé ti bo gbogbo òkè. Lọ́sàn-án, ó wà nínú ahéré: á jẹ ẹ̀bà, á mu omi nínú kèrègbè, á na ẹ̀yìn. Kò ní í tún mú àdá títí òjìji á fi gùn. Aṣọ rẹ̀ kò nípọn, ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Oòrùn kò mọ bàbá mi. Bàbá mi ló mọ bí a ṣe ń gbé lábẹ́ oòrùn. Ìmọ̀ yẹn ni a ní tí a fi ń sọ pé oòrùn mọ wa, òun gan-an sì ni a kó jù sílẹ̀ nígbà tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan. Nílé pàápàá, ta ló ń rìn lórí òkúta láti ìdájí títí di aago kan ọ̀sán láìjókòó? Bí mo bá rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Òkè Ìdànrè ní oṣù kẹta, màá sáré lọ bá a.

Ohun mìíràn tún wà tí dókítà náà là yé mi. Ara máa ń kọ́ ooru, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló sì léwu jù. Ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ olóoru ṣùgbọ́n tó ń wọ mọ́tò tó tutù lọ sí ọ́fíìsì tó tutù, ara rẹ̀ kò mọ ooru tó bó ṣe rò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Àkúrẹ́ ti wà níbẹ̀ láìfura.

Àwọn tó kù fẹ́ kí a fagi lé ìrìn náà. Màmá ló kọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ máa lọ, kí ẹ wá ròyìn fún mi." Nítorí náà a padà lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta, dọ́là 62, lẹ́yìn tí a ti san 37. Láti ọjọ́ yẹn, aago márùn-ún sí mẹ́sàn-án ni a ń rìn. A ó padà, a ó jẹun, a ó sùn, a ó tún jáde ní aago mẹ́ta ààbọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. A kó aṣọ ẹgbẹ́jọdá sínú báàgì, a ra aṣọ òwú fẹ́lẹ́ tó gùn, tó sì fẹ̀, ní ọjà wọn. A rí Preah Khan. A rí Banteay Srei, tẹ́ńpìlì kékeré olókùúta pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ọdún 967, tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí lẹ́ẹ̀sì. Ibi tí a rí kò dín sí èyí tí a là kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tiẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí a ń rí i pẹ̀lú ojú tó sùn.

Àṣìṣe kan tún fẹ́ wọlé. Bọ̀dá tó fi mí rẹ́rìn-ín nípàdé Alágbàká ti bẹ̀rù débi pé omi lásán ló ń mu, ike lé ike, láìjẹun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, èébì ń gbé e, orí ń fọ́ ọ. Dókítà ní omi tó ń mu ń ṣan iyọ̀ tó kù lára rẹ̀ dànù. Láti ìgbà náà, mo ń fi omi oníyọ̀-àti-ṣúgà kún un, èyí tí gbogbo ìyá ọlọ́mọ mọ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a fi ọwọ́ gé lórí, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí dókítà rẹ̀ kọ́kọ́ sọ èyí tó lè mu.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Màmá ní òun kò ní í padà sílé láìdágbére fún Angkor Wat. Dókítà gbà, bí kò bá ní í rìn. A gbé e lọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Awakọ̀ kan náà ló gbé e. A tẹ́ ẹní sí etí yàrà, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí báàgì, oòrùn ń wọ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí iwájú tẹ́ńpìlì náà. Ó yọ gèlè rẹ̀ tí kò tíì tún wé láti ọjọ́ náà, ó fi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Awakọ̀ bọ́ krama rẹ̀ fún un. Krama yẹn wà ní ìyẹ̀wù rẹ̀ ní Oǹdó títí di òní.

Fọ́ọ̀mù mi ti yí padà. Kò béèrè àìsàn mọ́, oògùn ló ń béèrè, ìwé dókítà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e fún ẹni tó bá kọ orúkọ oògùn kankan. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta ti wà nínú iye tí mo ń pè láti Àkúrẹ́, kò sí ìdìbò lórí rẹ̀ níwájú fèrèsé. Ọjọ́ kìíní tí a bá dé, a kì í lọ síbi kankan. Afinimọ̀nà tó bá ní kí a padà, a ó padà. Mo máa ń fi ilé ìtọ̀ sórí àwòrán ọ̀nà kí n tó fi tẹ́ńpìlì sí i, mo sì máa ń sọ fún àwọn ìyá níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí wọ́n lè mu omi láìbẹ̀rù. Báàgì mi kò wà láìsí abẹ̀bẹ̀, aṣọ òwú méjì àti àlùmọ́gàjí.

Ìdánwò Ìdànrè ṣì wà, ṣùgbọ́n òpin oṣù kẹta ni a ń ṣe é báyìí, nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ti wúwo. Aago méje àárọ̀ ni a máa ń pàdé nísàlẹ̀. Èyí tí a ṣe kẹ́yìn, Màmá ti dé ṣáájú gbogbo wa. Kò gùn ún. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un lábẹ́ igi, ìwé àti bírò lọ́wọ́, ó ń pe àwọn tó fẹ́ gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wá síwájú rẹ̀.

"Ìwọ, wá. Kí lo lò láàárọ̀ yìí? Omi mélòó lo ti mu?"

Ọkùnrin kan tó dàgbà jù ú lọ dúró níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Oòrùn ti mọ̀ mí."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó jókòó ná.